Imí Ọjọ́ Inú Irun: Ìtàn Ewúrẹ́ Ankara àti Ohun Tí Ó Ń Jẹ

Ní ọdún 1555, aṣojú ọba kan láti ilẹ̀ Yúróòpù gba ìlú Ankara kọjá ní ọ̀nà rẹ̀ sí Amasya, níbi tí Sultan Süleyman wà nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ogier Ghiselin de Busbecq. Ferdinand, ọba ìdílé Habsburg, ni ó rán an níṣẹ́. Àwọn òpìtàn mọ ìrìn àjò náà dáadáa, nítorí pé ní Ankara ni òun àti àwọn tí wọ́n jọ rìn ti rí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Ọba Augustus ti Róòmù tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri nìkan ni ojú Busbecq wò. Ó wo ewúrẹ́ pẹ̀lú. Nínú lẹ́tà rẹ̀, ó ròyìn ewúrẹ́ tí irun wọn ń dán, tí ó gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ó ní koríko tín-ín-rín, koríko gbígbẹ tí wọ́n ń jẹ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀ ni ó ń mú kí irun náà jẹ́ ẹlẹ́gẹ́, àti pé bí a bá kó wọn lọ sí ibòmíràn, irun wọn yóò yí padà bí koríko ṣe yí padà.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò lásán. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí ó gba àwọn onímọ̀ ní irínwó ọdún kí wọ́n tó rí ìdáhùn tó nítumọ̀ sí i: nínú irun tí ó wà lára ẹran, èwo ni ti ìran, èwo ni ti oúnjẹ? Busbecq jàre ní apá kan, ó jẹ̀bi ní apá kejì.

Angora ni àwọn ará Yúróòpù ń pe Ankara láyé ìgbà náà, ibẹ̀ ni orúkọ ewúrẹ́ náà sì ti wá. Irun rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní mohair, orúkọ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mukhayyar ní èdè Lárúbáwá, ìyẹn ohun tí a ṣà lẹ́ṣà. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé aṣọ àǹkárá tí a fi ń ṣe ẹbí là ń sọ. Òwú oko ni wọ́n fi ń hun ti àǹkárá. Irun ẹran ni ti mohair. Àwọn ará Ankara a máa ran irun náà, wọ́n a sì máa fi hun aṣọ dídán kan tí wọ́n ń pè ní sof, tí àwọn oníṣòwò ń kó lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìjọba Ottoman mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò fẹ́ kí irun tí a kò tíì ran kúrò nílùú, wọn kò sì fẹ́ kí ewúrẹ́ náà fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì.

Ìtàn bí ewúrẹ́ náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ àjèjì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1838, Kọ́nẹ́ẹ̀lì John Henderson kó ewúrẹ́ 13 dé Gúúsù Áfríkà: òbúkọ 12 àti abo 1. Kí wọ́n tó kúrò ní ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti sọ òbúkọ méjèèjìlá di aláìlèbímọ. Ẹni tí ó ta ẹrù náà gbà pé òun ti fún ẹni tí ó rà á ní agbọ̀n òfìfo. Ohun tí kò kíyè sí ni pé abo kan ṣoṣo náà lóyún. Ó bí akọ lójú òkun, láti ara ìyá àti ọmọ yìí ni irú ewúrẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú agbo ewúrẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, títí tí wọ́n fi rí òmíràn rà kún un láti Tọ́kì lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1849, Dókítà James B. Davis, ará South Carolina tí ó lọ gba ìjọba Tọ́kì nímọ̀ràn lórí ọ̀gbìn òwú, kó 9 padà sí Amẹ́ríkà, abo 7 àti akọ 2. Ó pẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ tó mọ̀ pé ewúrẹ́ Angora ni. Ewúrẹ́ Cashmere ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ owó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìranwú ní Bradford, ní Ìlú Ọba, ń wá irun gígùn tí ó ń dán. Titus Salt, tí ó ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Saltaire ní 1853, wà lára àwọn tí ó fi alpaca àti mohair di olówó. Wọ́n fi mohair ṣe aṣọ obìnrin, wọ́n fi ṣe aṣọ ìjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin nítorí pé kì í tètè gbó. Ilẹ̀ gbígbẹ Karoo ní Gúúsù Áfríkà àti òkè Edwards Plateau ní Texas di ilé tuntun fún ewúrẹ́ tí Sultan kò fẹ́ kí ó jáde. Lónìí, Gúúsù Áfríkà nìkan ni ó ń mú nǹkan bí ìdajì gbogbo mohair ayé jáde.

Níbí ni ẹ̀bi Busbecq ti hàn. Ewúrẹ́ náà kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ankara, irun rẹ̀ kò sì di irun ewúrẹ́ lásán. Ìran ni ó ni dídán àti gígùn irun. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi rí apá tí aṣojú náà ti jàre. Lọ́dún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí ewé sì pọ̀, irun tí wọ́n ń rẹ́ a wúwo, a sì ki. Lọ́dún ọ̀dá, irun a dínkù, a sì tín-ín-rín. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń rẹ́ irun Angora, nítorí náà àgbẹ̀ kò nílò onímọ̀ kankan láti sọ fún un pé oúnjẹ oṣù mẹ́fà tó kọjá ni òun ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ó wà nínú oúnjẹ náà gan-an tí ó ń di irun.

Ẹni tí ó bá ti dúró nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wi ẹran lọ́jọ́ ọdún mọ òórùn irun tí iná ń jó. Òórùn náà kò jọ ti igi, kò jọ ti ewé. Imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Irun, ìwo, pátákò, èékánná àti ìyẹ́, purotéènì kan náà tí wọ́n ń pè ní keratin ni gbogbo wọn, keratin sì kún fún imí ọjọ́. Imí ọjọ́ yìí ni ó so àwọn okùn tín-ín-rín inú irun pọ̀ mọ́ra wọn, tí irun fi lágbára tí omi kò sì lè yọ́ ọ. Bí ẹran kò bá rí imí ọjọ́ lò ní ìrísí tí ó yẹ, kò sí bí ó ṣe lè hu irun.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ èyí rọ́kọrọ̀kọ. Ní ọdún 1810, William Hyde Wollaston, oníṣègùn àti onímọ̀ kẹ́místrì ní Lọ́ńdọ̀nù, ń yẹ òkúta tí wọ́n yọ nínú àpò ìtọ̀ ènìyàn wò, ó sì rí ohun kan níbẹ̀ tí kò tíì rí rí. Orúkọ àpò ìtọ̀ ní èdè Gíríìkì ni wọ́n fi sọ ọ́ ní cystine. Fún nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún, àwọn onímọ̀ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun inú òkúta àìsàn. Ìgbà tí K. A. H. Mörner ní Sweden yọ ọ́ jáde láti inú ìwo ní 1899 ni ó tó hàn pé ọ̀kan nínú àwọn ásíìdì amínò ni, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí a fi ń kọ́ purotéènì bí bíríkì ṣe ń kọ́ ilé. Ní 1922, J. H. Mueller ní Amẹ́ríkà rí òmíràn tí ó ní imí ọjọ́ nínú, láti inú purotéènì wàrà. Methionine ni wọ́n pe èyí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ bí àwọn méjèèjì ṣe tan mọ́ra: ara ẹran lè sọ methionine di cystine, ṣùgbọ́n kò lè sọ cystine di methionine. Methionine ni ìyá. Ara kò lè ṣe é fúnra rẹ̀. Àfi kí ó rí i gbà láti inú ikùn.

Ẹnikẹ́ni ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Bí irun bá ń fẹ́ cystine àti methionine, kí a bù ú sínú oúnjẹ ẹran. Àwọn onímọ̀ dán irú rẹ̀ wò lára àgùntàn, pàápàá ní Ọsirélíà, orílẹ̀-èdè tí irun àgùntàn ti jẹ́ orísun ọrọ̀ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, Hedley Marston ní Adelaide wà lára àwọn tí ó gbà pé àìtó ásíìdì amínò onímí-ọjọ́ nínú koríko ni ó ń dí irun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbájáde ìdánwò kò dọ́gba. Àwọn kan fún àgùntàn ní cystine jẹ, irun rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ ṣàkì rí ti jẹ lára ìdí rẹ̀. Ṣàkì ni ògiri ikùn àkọ́kọ́ ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn yìí kì í ṣe ibi tí oúnjẹ ti ń dà lọ́nà tí ó gbà ń dà nínú ikùn ènìyàn. Ìkòkò ńlá ni, tí àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú kí ewé àti koríko kan bí ògì ṣe ń kan. Àwọn kòkòrò náà ni ó kọ́kọ́ ń jẹun. Purotéènì tí ẹran gbé mì, wọ́n á tú u ká. Ásíìdì amínò tí a bù sí i lóúnjẹ, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n á wá fi ohun tí wọ́n rí kọ́ ara tiwọn, wọ́n á ṣàn lọ sí ikùn kẹrin níbi tí omi kíkan wà, ibẹ̀ sì ni ẹran ti ń da àwọn fúnra wọn. Nítorí náà ni ewúrẹ́ fi lè jẹ èèpo iṣu àti ewé gbígbẹ kí ó sì sanra. Ìdí kan náà ni methionine olówó iyebíye tí a bù sínú agbada rẹ̀ kì í fi í dé ibi tí irun ti ń hù.

Ní 1963, P. J. Reis àti P. G. Schinckel, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ ìwádìí CSIRO ní Ọsirélíà, tẹ àbájáde kan jáde tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi ọ̀pá rọ́bà gba ara àgùntàn wọ ikùn kẹrin tààrà, wọ́n sì ń da cysteine, tí í ṣe ìdajì cystine, tàbí methionine sí i lójoojúmọ́, nǹkan bíi gíráàmù 2, tí kò kún ṣíbí tíì. Irun àgùntàn náà pọ̀ sí i lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn lé lórí, imí ọjọ́ inú irun náà sì pọ̀ sí i pẹ̀lú. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ń fún ẹran láti ọdún yìí wá kọ́ ni kò dára. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà ni kò tọ̀nà.

Ó kù bí àgbẹ̀ tí ó ní ẹgbẹ̀rún ẹran, tí kò lè fi ọ̀pá sí ikùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò ṣe ṣe é. Ní 1967, Ferguson, Hemsley àti Reis, ní Ọsirélíà kan náà, fi fọmálíìnì pa purotéènì inú wàrà lára kí wọ́n tó fún àgùntàn jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, fọmálíìnì tí àwọn tí ń tọ́jú òkú mọ̀. Ó mú kí purotéènì náà le débi tí àwọn kòkòrò inú ṣàkì kò fi rí i tú, ṣùgbọ́n omi kíkan inú ikùn kẹrin tú u. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí fi nǹkan bo methionine lára bí wọ́n ṣe ń bo egbòogi oníhóró, kí ó lè la ṣàkì kọjá láìfọwọ́kàn, kí ó sì yọ́ ní ibi tí ó yẹ.

Àgùntàn ni gbogbo èyí. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dojú kọ ewúrẹ́. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà jù ni Langston University ní Oklahoma, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1897 fún àwọn ènìyàn dúdú ní àkókò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun kò gbà wọ́n wọlé. Ibẹ̀ di ibùdó ìwádìí nípa ewúrẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní 1992, Tilahun Sahlu àti J. M. Fernandez ròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí Angora, níbi tí wọ́n ti fún ẹran ní lysine àti methionine gba inú ihò ikùn, láìjẹ́ kí ó kan ṣàkì rárá. Lọ́dún kan náà, K. Qi, C. D. Lu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ọ̀nà tí ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn kòkòrò inú ṣàkì bá lè fọ́ methionine, ṣé wọn kò lè kọ́ ọ? Wọ́n fi iyọ̀ onímí-ọjọ́ tí kò wọ́n sínú oúnjẹ Angora, wọ́n sì rí i pé mohair pọ̀ sí i títí dé ìwọ̀n kan: nígbà tí imí ọjọ́ bá jẹ́ nǹkan bí ìdá 0.27 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ gbígbẹ, tí nitrogen sì jẹ́ ìlọ́po 7 rẹ̀ tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún tálákà àgbẹ̀, àbájáde yìí wúlò ju ti àwọn onímethionine lọ. Ẹni tí ó ní kòkòrò tí ń ṣiṣẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ikùn ẹran rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti bọ́ wọn.

Ní Aberdeen ní Scotland, M. Souri, H. Galbraith àti J. R. Scaife fi Angora wé ewúrẹ́ Cashmere ní 1998, wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní methionine tí a bò lára. Ìfiwéra náà ṣe pàtàkì nítorí pé ewúrẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Angora ń hu irun yípo ọdún. Irun Cashmere, tí ó jẹ́ òwú múlọ́múlọ́ abẹ́ irun líle, gígùn àti kíkúrú ojúmọmọ ni ó ń tẹ̀ lé. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú ni ó ń hù, bí ó bá tó àkókò á já bọ́. Oúnjẹ àlékún kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Bí ẹnì kan bá ta methionine fún olówò Cashmere pẹ̀lú ìlérí tí wọ́n fi ń tà á fún oní-Angora, gbájúẹ̀ ni.

Fún oní-Angora pàápàá, ẹrù náà ní ojú méjì. Bí irun ṣe ń pọ̀ ni ó ń ki. Irun ọmọ ewúrẹ́, tí kò ju micron 26 lọ ní fífẹ̀, ni ó ń gbowó jù lọ. Ti àgbàlagbà, tí ó lè lé ní 36, ni wọ́n fi ń ṣe kápẹ́ẹ̀tì àti aṣọ ìjókòó. Micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, ṣùgbọ́n lórí ìyàtọ̀ bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni owó àgbẹ̀ dúró lé. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó fi oúnjẹ kún oúnjẹ lè rẹ́ irun tí ó wúwo jù, kí owó kílò kọ̀ọ̀kan sì já wálẹ̀. Methionine fúnra rẹ̀ sì ní ààlà. Reis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára àgùntàn pé bí ó bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n, kì í ṣe pé kò wúlò mọ́ nìkan. Ìdàgbàsókè irun ni ó ń dínkù. Lára àwọn ásíìdì amínò, òun wà nínú àwọn tí àpọ̀jù wọn tètè ń di májèlé.

Ojú kẹta wà tí àwọn tí ń ka iye kílò kì í sábà mẹ́nu bà. Fún ọ̀pọ̀ ìran ni wọ́n ti ń ṣa Angora tí irun rẹ̀ pọ̀ jù láti fi ṣe irú, títí tí irun fi di ọ̀gá lórí ara tí ó ń hu ú. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, àwọn ewúrẹ́ mìíràn á fi irun sílẹ̀, wọ́n á tọ́jú ara wọn. Angora kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń hu irun lọ, ó sì ń fi ẹran ara rẹ̀ san gbèsè náà. Ní Gúúsù Áfríkà, ìṣòro kí abo máa ṣẹ́ oyún di ohun tí àwọn oníṣègùn ẹran ń wádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé àìtó oúnjẹ àti ìṣa-irú nítorí irun wà lára okùnfà rẹ̀. Òtútù tún ń pa wọ́n: bí òjò àti afẹ́fẹ́ tútù bá dé bá agbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ irun rẹ̀, ẹran púpọ̀ lè kú lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí pé kò sí irun lára, kò sì sí agbára tó nínú ara láti fi gbóná. Ẹran tí ó wà nínú ipò báyìí, kì í ṣe methionine ni ó ń kọ́kọ́ fẹ́. Àgbàdo ni, ilé ni, àti pàǹtí kóró òwú tí a ti fún òróró rẹ̀, tí ó jẹ́ fún òwú bí kúlíkúlí ti jẹ́ fún ẹ̀pà. Àwọn àgbẹ̀ Texas ti ń fún ewúrẹ́ wọn ní irú rẹ̀ tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bo ásíìdì amínò lára.

Ọjà ni ó sọ ibi tí ìmọ̀ náà gbà lọ níkẹyìn. Láti 1954 ni òfin kan ní Amẹ́ríkà ti ń fún àwọn tí ń sin àgùntàn àti Angora lówó ìrànwọ́. Ní 1993, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ dìbò láti fòpin sí i, nígbà tí 1995 sì parí, owó náà ti dáwọ́ dúró. Agbo ewúrẹ́ Texas dínkù gan-an, ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ra methionine olówó gọbọi fún wọn sì dínkù pẹ̀lú. Ní 2018, lẹ́yìn tí àjọ PETA gbé fídíò ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ewúrẹ́ lákòókò ìrẹ́run ní Gúúsù Áfríkà jáde, àwọn ilé aṣọ ńlá bíi H&M àti Zara kéde pé àwọn kò ní ta mohair mọ́. Methionine tí wọ́n bò lára nítorí ṣàkì kò parun ní tirẹ̀. Màlúù oníwàrà ni wọ́n ń fún jù báyìí, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, kí purotéènì inú wàrà lè pọ̀ sí i. Ní Karoo, ewúrẹ́ Angora ṣì ń já ewé igbó jẹ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àgbẹ̀ a sì máa wojú ọ̀run kí ó tó pe àwọn arẹ́run.